Ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Adé Púpọ̀, Ìran Kan

Ọ̀pọ̀ ìtàn ìlú nílẹ̀ Yorùbá ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ààfin, nítorí pé níbi tí ọba aládé kan bá ti ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀, ìgorí-ìtẹ́ àti ìwàjà àwọn ọba ni àwọn àgbà fi máa ń ka ọjọ́ orí ìlú. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ó wà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò ṣe é kà bẹ́ẹ̀. Adé pọ̀ níbẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀ nípa ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, kò sì sí ìtẹ́ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fọwọ́ sí pé òun ni olórí. Síbẹ̀, ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó bá pàdé ọmọ Ìkálẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn kì í bèèrè ọba tí ó ń sìn kí ó tó mọ̀ pé ará ilé òun ni. Èdè, oúnjẹ, iṣẹ́ ọwọ́, ìgbàgbọ́ àti igbó tí wọ́n jọ ń gbé ni ó sọ wọ́n di ọ̀kan, àwọn wọ̀nyí sì ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ogún Ìkálẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ilẹ̀ àti àwọn tí ó yí i ká

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Òkìtìpupa àti Ìrèlè, ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ pín sí jù lọ lónìí. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 233,565 sí Òkìtìpupa, ó sì ka 145,166 sí Ìrèlè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo àwọn tí wọ́n kà náà ni ọmọ Ìkálẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ pẹ̀lú sì ń gbé ní ìlú mìíràn. Àwọn Ìlàjẹ ni aládùúgbò wọn níhà gúúsù, àwọn Àpọ́ì àti àwọn Ìjọ̀ Àrógbò wà lápá ibi tí omi ti pọ̀, Oǹdó àti Ìdànrè wà lókè wọn níhà àríwá, ilẹ̀ Bìní wà níhà ìlà-oòrùn, Ìjẹ̀bú sì wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Òjò máa ń rọ̀ púpọ̀ ní agbègbè náà, tí ó fi jẹ́ pé igbó kìjikìji ni ó bo ibẹ̀ kí oko tó gba ibi púpọ̀ nínú rẹ̀.

Láti Òkìtìpupa lọ sí ìhà gúúsù, ilẹ̀ ń fà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, igbó ń di àbàtà, àbàtà ń di ọ̀sà, títí ènìyàn yóò fi bọ́ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ tí ó wà létí òkun. Ipò tí ilẹ̀ náà wà yìí, láàárín àwọn àgbẹ̀ inú igbó àti àwọn apẹja orí omi, ni ó pinnu ohun púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ Ìkálẹ̀ ni iṣu, gbágùdá àti epo tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi ti ń pàdé ẹja, iyọ̀ àti ọjà òkèèrè tí ó ń gòkè bọ̀.

Ọba púpọ̀, ìtàn púpọ̀

Lára àwọn ọba tí a mọ̀ jù ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni Abòdì ti Ìkọ́yà, Jẹgun ti Ìdẹ̀pé (ìlú tí Òkìtìpupa òde òní wà lórí ilẹ̀ rẹ̀), Olófun ti Ìrèlè, Ọ̀rungbẹ̀rúwà ti Ẹ̀rínjẹ, Hálù ti Òde-Àyè, Rẹ̀bújà ti Ọ̀sọ́ọ̀rọ̀, Lárógbò ti Àkótógbò àti Ahaba ti Àjàgbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àwọn ìjòyè tirẹ̀, ọjọ́ ọdún tirẹ̀ àti ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ èkejì kí ó tó fi ọba jẹ.

Nínú ìtàn ẹnu tí àwọn ìlú wọ̀nyí ń sọ, orúkọ Bìní ni ó máa ń jáde jù. Ìkọ́yà àti Ìrèlè sọ pé ọmọ ọba Bìní ni ẹni tí ó dá ìtẹ́ wọn sílẹ̀, nígbà tí àwọn ìlú mìíràn ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni agbára Bìní ti ń nasẹ̀ lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn lójú ọ̀sà, títí tí ó fi dé Èkó, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà náà gan-an. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí òǹkàwé fiyè sí: bí ó bá jẹ́ pé láti Bìní ni gbogbo ìlú náà ti ṣí wá pátá, èdè Bìní ni ìbá gbilẹ̀ níbẹ̀; Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ, láti ẹnu ọba títí dé ẹnu ọmọ ọwọ́. Ó jọ pé ibi tí adé ti wá àti ibi tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ti wá kì í ṣe ibì kan náà, àti pé àwọn ọmọ ọba tí wọ́n dé láti ìta bá àwọn ènìyàn lórí ilẹ̀, wọ́n fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n gba èdè wọn, wọ́n sì fún wọn ní oyè àti ètò ààfin dípò ohun tí wọ́n gbà.

Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì dé, irú ètò báyìí kò bá tiwọn mu. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣàkóso ni pé kí wọ́n wá ọba kan tí yóò máa gba owó orí tí yóò sì máa jẹ́ àṣẹ wọn fún gbogbo agbègbè, ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ kí Abòdì dúró fún gbogbo Ìkálẹ̀. Àwọn ìlú yòókù kò gbà. Wọ́n ní àwọn kò sin Ìkọ́yà rí, àríyànjiyàn nípa ẹni tí ó jẹ́ olórí sì gba ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìgbà náà, tí ìyókù rẹ̀ ṣì máa ń rú jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ ipò àwọn ọba bá délẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ náà láti òde lè pè é ní ìjà àgbà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìlú náà ń gbèjà rẹ̀ ni àṣà ìṣèlú àtijọ́ kan tí ó gbà pé ọmọ ìyá lè pọ̀ láìsí pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ fún ìyókù.

Èdè tí ó so wọ́n pọ̀

Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí onímọ̀ èdè nnì, Abíọ́dún Adétúgbọ̀, parí ní ọdún 1967, ó pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí ńláńlá, Ìkálẹ̀ sì bọ́ sí ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú. Ọ̀kan nínú àmì tí etí máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀ ni ìró kan tí àwọn tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń fi lẹ́tà *gh* dúró fún, tí a fi ọ̀nà ọ̀fun pè láìdí i pa, tí ó máa ń wà níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo *w*. Ohun tí ará Ọ̀yọ́ pè ní owó, eghó ni Ìkálẹ̀ ń pè é. Àmì kejì ni pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan náà lè dúró fún “ẹ̀yin” àti fún “àwọn”, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó yí gbólóhùn ká ni ẹni tí ń gbọ́ fi máa ń mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.

Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé irú ìró bí *gh* yìí jẹ́ ohun àtijọ́ tí àwọn ẹ̀ka-èdè mìíràn ti sọ nù, kì í ṣe àṣìpè, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ kan ti máa ń sọ fún ọmọ iléèwé. Èdè Ìṣẹ́kírì, tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Wárì, sún mọ́ àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn wọ̀nyí ju bí ó ti sún mọ́ Yorùbá Ọ̀yọ́ lọ, èyí sì fi hàn pé ojú omi láti Ìjẹ̀bú dé Wárì jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn ti ń rìn tipẹ́tipẹ́.

Ojú omi, ojú ọ̀nà

Kí títì tó dé, omi ni títì. Láti etí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gba odò àti ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí ọjà ńlá Èjìnrìn, títí dé Èkó, tí wọ́n máa ń kó epo àti oúnjẹ lọ, tí wọ́n sì máa ń kó aṣọ, iyọ̀ àti ọtí òyìnbó bọ̀. Ọ̀nà yìí wá ṣe pàtàkì gidigidi láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun abẹ́lé dí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá mọ́ àwọn oníṣòwò. John Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá ọ̀nà mìíràn tí yóò gba apá ìlà-oòrùn ọ̀sà, tí yóò sì la igbó kọjá sí Oǹdó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870 sì ni ọ̀nà náà là. Òun ni ìwé ìtàn ń pè ní ọ̀nà Oǹdó, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú ìbọn tí àwọn Èkìtìparapọ̀ fi kojú Ìbàdàn nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877, gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkálẹ̀ kò sí lára àwọn tí orúkọ wọn máa ń kọ́kọ́ jáde nínú ìtàn ogun náà, agbègbè wọn wà lára ilẹ̀kùn tí ogun náà gbà mí.

Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Òkìtìpupa di olú ìlú ẹkùn ìṣàkóso tí ó pa Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti Àrógbò pọ̀ lábẹ́ Àgbègbè Oǹdó. Ọ́fíìsì ìjọba, kóòtù, ilé ìwòsàn àti iléèwé àwọn ìjọ Kristẹni tẹ̀ lé e, ìlú náà sì di ibi tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ apẹja ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ọ̀pẹ, akọpẹ àti ọ̀dà

Igi tí ó gbé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ró jù ni ọ̀pẹ. Kì í ṣe pé wọ́n gbìn ín láti ilẹ̀. Nínú igbó ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ni ilẹ̀ ni ó ni ọ̀pẹ orí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìlú òyìnbó ń wá epo pupa àti èkùrọ́ lójú méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹyìn tí ó wà lórí ọ̀pẹ ju iye ọwọ́ tí ó lè kọ ọ́ lọ, èyí ni ó sì pe àwọn ará Ùròbò, tí àwọn Yorùbá àtijọ́ ń pè ní Ìsòbò, wá láti agbègbè tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Tọkọtaya ni wọ́n máa ń wá: ọkùnrin á fi igbà gun ọ̀pẹ, á fi àdá bẹ́ ìdì ẹyìn sílẹ̀, obìnrin á sì bójú tó títẹ epo àti pípa èkùrọ́. Wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tí àlejò ń san fún onílẹ̀ kí ó lè lo ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì tẹ abúlé dó káàkiri igbó. Onigu Otite, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lórí wọn ní àwọn ọdún 1970, ó sì fi hàn pé àwọn àlejò wọ̀nyí wà lára àwọn tí ó mú ìdàgbàsókè bá ìgbèríko náà. Nígbà tí ó yá, ìjọba pẹ̀lú dá oko ọ̀pẹ ńlá sílẹ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ Okitipupa Oil Palm, tí wọ́n gbin ọ̀pẹ agric tí kì í ga púpọ̀, tí ó sì tètè ń so, sórí ilẹ̀ tí igbó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun àmúṣọrọ̀ kejì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Láti Ìpínlẹ̀ Ògùn gba Oǹdó dé Ẹdó ni ilẹ̀ kan ti nà lọ tí iyanrìn rẹ̀ kún fún ọ̀dà, epo dúdú tí ó ki bí ẹ̀kọ, tí wọ́n fi ń tẹ́ títì, ní àwọn ibi kan sì ni ó ti máa ń sun jáde fúnra rẹ̀. Nítorí ọ̀dà yìí ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim darí, fi wá gbẹ́ kànga ní agbègbè ìwọ̀-oòrùn Òkìtìpupa láti ọdún 1908, títí tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dá iṣẹ́ náà dúró ní ọdún 1914. Kò sí epo tí ó tó tà nínú ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wá epo rọ̀bì ní Nàìjíríà, nǹkan bí ọdún méjìdínláàádọ́ta kí Shell-BP tó rí i ní Olóíbírì ní ọdún 1956. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ Bergheim, Nàìjíríà ṣì ń ra ọ̀dà láti òkè òkun, èyí tí ó wà ní gúúsù Oǹdó sì ṣì wà nílẹ̀.

Púpurú: ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ogún Ìkálẹ̀ níbi tí ọwọ́ lè kàn án, ìdí ààrò ni kí ó lọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe púpurú, oúnjẹ tí Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Àpọ́ì jọ ní. Gbágùdá ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn á bó o, wọn á rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, nítorí pé rírẹ yìí ni ó ń fa oró inú gbágùdá jáde. Wọn á fi ọwọ́ fọ́ ọ, wọn á ṣa àwọn okùn inú rẹ̀ kúrò, wọn á sì dà á sínú àpò tí wọ́n gbé òkúta lé kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn á wá mọ ọ́n ní róbótó róbótó, wọn á sì tò ó sórí àjà tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, tí èéfín yóò máa yí i ká títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú tí yóò sì le. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn á fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú náà kúrò, inú rẹ̀ yóò sì funfun. Wọn á gún un, wọn á jọ̀ ọ́, wọn á sì rò ó nínú omi gbígbóná bí wọ́n ti ń ro àmàlà.

Gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ló ní ìdí. Ní ilẹ̀ tí òjò kì í jẹ́ kí oòrùn ráyè sá nǹkan gbẹ, iná ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ oòrùn, ẹ̀yìn dúdú tí iná fi bo púpurú sì ń dáàbò bo inú rẹ̀ tí ó fi lè pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́. Ọ̀kan nínú ọbẹ̀ tí ó bá a lọ jù ni ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ewé igbó kan tí ó ń jẹ́ orúkọ náà sè, tí wọ́n sì máa ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Gbágùdá kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà, Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni àwọn òyìnbó Potogí ti gbé e wá, nítorí náà púpurú jẹ́ ẹ̀rí pé ogún ìbílẹ̀ kò ní láti jẹ́ ohun tí ó wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun àlejò tí àwọn onílé fi ọgbọ́n ara wọn sọ di tiwọn.

Òrìṣà, ìbúra àti ọ̀rọ̀ ọdún 2015

Òrìṣà tí orúkọ rẹ̀ tàn jù láti agbègbè yìí ni Ayélála, tí Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ jọ ń bọ. J. Ọmọ́ṣadé Awólàlú, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Ìbàdàn, tí ó gbé ìwé jáde lórí ìgbàgbọ́ àti ètùtù Yorùbá ní ọdún 1979, ṣe àlàyé ìtàn rẹ̀: ọkùnrin Ìlàjẹ kan bá ìyàwó ìjòyè ṣe panṣágà, ó sì sá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ̀, ìjà dé láàárín ẹ̀yà méjèèjì, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ parí rẹ̀, ẹrúbìnrin kan ni wọ́n fi rúbọ dípò ẹni tí ó ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó jáde lẹ́nu obìnrin náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ó bá jalè, tí ó bá búra èké tàbí tí ó bá ṣe ìkà yóò rí ìbínú rẹ̀. Ìtàn náà kò fara pamọ́ fún òtítọ́ rẹ̀ tí ó korò, pé aláìṣẹ̀ tí kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ ni wọ́n fi ra àlàáfíà. Bóyá nítorí èyí ni òrìṣà náà fi di olùgbẹ̀san fún ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, tí àwọn ará Bìní pàápàá fi ń ké sí i.

Ní Òde-Ìrèlè, Málòkun ni òrìṣà tí ìlú ń bọ jù, orúkọ rẹ̀ sì dé etí gbogbo ayé ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà tí ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá ṣàdédé kú ní agbègbè náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ojú wọn kọ́kọ́ fọ́ tí orí sì ń fọ́ wọn. Àwọn kan ní àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n já wọ ojúbọ Málòkun ni òrìṣà ń bá jà. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe fi hàn pé mẹ́tánọ̀ọ̀lù ni ó pa wọ́n, ìyẹn irú ọtí olóró kan tí ilé iṣẹ́ ń lò tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ mu, ó sì ti wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ògógóró fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àtijọ́ ní agbègbè àbàtà yìí, níbi tí igi ògùrọ̀ ti pọ̀: wọ́n ń jẹ́ kí ẹmu rẹ̀ kan, wọ́n ń sè é nínú dúrọ́ọ̀mù, ooru rẹ̀ ń gba inú páìpù tí ó wà nínú omi tútù kọjá, ó sì ń kán sílẹ̀ ní ọtí. Ìjọba òyìnbó fi òfin de iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń mú àwọn tí ń ṣe é láti àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parẹ́, ó kàn wọ inú igbó lọ ni. Òfin tí ó lé e wọ igbó kò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀ tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ó rọrùn láti da ohun tí kò yẹ pọ̀ mọ́ ọn.

Ìkálẹ̀ lónìí

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bọ́ sí gúúsù rẹ̀. Ọmọ Ìjù-Odò, Olúṣẹ́gun Àgàgú, tí wọ́n bí ní ọdún 1948, ni ó di gómìnà ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 2003 sí 2009. Onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni, ó sì ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó wọ òṣèlú. Nígbà ìjọba rẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin tí ó dá yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní Òkìtìpupa, èyí tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pè lẹ́yìn tí ó kú ní ọdún 2013. Ṣáájú ìgbà náà ni Comfort Omoge àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Asiko Ikale, ti kọ orin ní ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, tí àwọn tí kò dé Òkìtìpupa rí sì ń jó sí i.

Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni iná mànàmáná fi kúrò pátápátá ní ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù Oǹdó, tí àwọn ọlọ́ja, àwọn aránṣọ àti àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí ìlú mìíràn. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kó lọ, ohun tí ààfin ní kò ní sọ nù, nítorí pé wọn yóò fi ọba jẹ, ìwé ìjọba yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó lè sọ nù ni ìró *gh* lẹ́nu ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ ìgbà tí gbágùdá ti kan tó, àti orúkọ àwọn ewé inú igbó, nítorí pé kò sí ìtẹ́ tí wọ́n fi àwọn wọ̀nyí sí. Yunifásítì wà ní Òkìtìpupa báyìí, àwọn ìyá tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà sì ṣì wà láàyè. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé àti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí ni ó kù, nítorí pé ilẹ̀ tí adé kan ṣoṣo kò so pọ̀ kò ní ibòmíràn tí ó fi ìtàn rẹ̀ pa mọ́ sí ju ẹnu àti ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ.